Ẹ Dé Ìkòkò Kí Ẹ Tó Na Ológbò

Ẹja tí ológbò gbé lọ lánàá, ta ni ó fi í sílẹ̀ láìdé? Ní Ìkòyí nílẹ̀ Òkun, níbi tí àgbàdo àti ẹ̀wà ti ń sun inú ilé, lílé ológbò jáde nítorí ẹja léwu. Irú eku kan tí ó máa ń wọlé ni ó ń gbé ibà Lassa kiri, àrùn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Borno ní 1969, tí ó sì ti dé Ìpínlẹ̀ Kogi. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ka ológbò sísìn mọ́ ọ̀nà ìdènà rẹ̀, pẹ̀lú fífi oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀. Ẹ ra ike tí ọmọrí rẹ̀ le. Eku kò ní wọ̀ ọ́, ológbò kò ní ṣí i.

Àga tí ó ń họ ńkọ́? Èékánná ni ó ń pọ́n, ó sì ń fi òórùn ara rẹ̀ sàmì síbẹ̀. Ẹ gbé ìtì igi eléèpo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà gan-an. Bí ẹ bá gbé e sẹ́yìnkùlé, asán ni. Ẹ kó àwo tańganran kúrò lórí pẹpẹ gíga, nítorí yóò gùn ún dandan. Ẹ má sì fi ebi pa á nítorí àtipa eku: ológbò tí ó yó ṣì ń dọdẹ. Ẹ fún un ní oúnjẹ tirẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹja.