Ẹ Béèrè Ibi Tí Wọ́n Ti Wa Ẹgbẹ̀sì

Sí ẹ̀yin ọ̀gá mi tí ẹ ń ṣe ìwádìí egbòogi ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá,

Ọmọ ẹlẹ́wé ọmọ ni mí. Ìdí àtẹ ìyá mi ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ọ̀kan nínú wọn dé lọ́jọ́ kan, ó ní ẹgbẹ̀sì ni òun ń wá. Ìyá mi gbé èèpo egbò rẹ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ọmọ náà já díẹ̀ sẹ́nu, ó tu ú dànù kíá. Ó korò jogbo. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó sanwó, ó lọ. Kò béèrè ibi tí wọ́n ti wà á, kò béèrè ẹni tó wà á. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó ń ti òkè Ọya bọ̀ ló já a fún wa.

Mo ti ka irú iṣẹ́ tí ẹ ń fi èèpo bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó rẹ ẹ́, ẹ ó fi omi rẹ̀ fún eku, ẹ ó wá gbé eku náà sórí irin gbígbóná. Bó bá pẹ́ kó tó fò tàbí kó tó lá àtẹ́lẹsẹ̀, oògùn jẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ ó fún eku mìíràn ní naloxone mọ́ ọn. Nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn ihò kọ́kọ́rọ́ kan wà tí mọ́fíìnì ń gbà pa ìrora. Ara ló ni wọ́n: ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen kéde èròjà tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń pèsè fún ihò wọ̀nyí. Naloxone a máa dí wọn pa. Bí eku bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ iná lára, ẹ ó kọ ọ́ pé ọ̀nà mọ́fíìnì ni egbò náà gbà. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kò tíì bùṣe o. Ní 2013, Michel De Waard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kéde pé àwọn rí tramadol nínú èèpo egbò ẹgbẹ̀sì láti Kamẹrúùnù. Tramadol, oògùn apàrora tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1962! Ọdún kejì, Souvik Kusari àti Michael Spiteller ní Dortmund fèsì. Wọ́n rí i nínú egbò láti àríwá pátápátá Kamẹrúùnù, wọn kò rí i ní gúúsù. Wọ́n tún rí i nínú ilẹ̀, nínú omi àti nínú igi mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ àríwá náà ń lo tramadol, wọ́n sì ń fún màlúù tó ń túlẹ̀ fún wọn, kí oòrùn má baà tètè rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ìtọ̀ ló gbé e wọ ilẹ̀, egbò sì fà á mu. Àwọn ará Faransé kò gbà, àríyànjiyàn náà le. Ní tèmi, ará Dortmund ni mo gbà gbọ́, torí àwọn ló béèrè ibi tí igi ti hù.

Naloxone a máa dí tramadol náà lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ dí i tán. Eku yín kò lè dá ẹgbẹ̀sì mọ̀ yàtọ̀ sí tramadol tó ti wọ inú rẹ̀. Àwa ará ọjà sì mọ̀ pé àwọn kan ń lọ oògùn òyìnbó mọ́ àgbo. Bàbá tí làkúrègbé ń bá jà yóò mu ún, yóò tún gbé oògùn ọsibítù lé e, bẹ́ẹ̀ tramadol tó bá pọ̀jù a máa fa gìrì fún àgbàlagbà.

Ẹ máa ń mú ewé lọ sí Forest Herbarium ní Ìbàdàn kí wọ́n bá yín dá igi mọ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n orúkọ igi ni ewé yẹn ń sọ, kò sọ ohun tó wà nínú èèpo tí ẹ rà lọ́jà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wa egbò fúnra yín nídìí igi tí ẹ mọ ìlú rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tramadol wà níbẹ̀, kí ẹ tó fún eku kankan. Kí ẹ sì padà wá sọ fún ìyá mi ohun tí ẹ rí, torí òun ni wọ́n máa ń bi pé ṣé kò léwu.

Ó ṣì wà nídìí àtẹ rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá tún dé, kó má dúró lóòró. Àpótí ìjókòó wà níbẹ̀.