"Iṣẹ́ Ni Wọ́n Rán Mi" Kì í Ṣe Àwíjàre

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa tó ti di asà fún ìkà: "Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi." Ọlọ́pàá tó lu aláìṣẹ̀ ń sọ ọ́, akọ̀wé tó fọwọ́ sí ìwé èrú ń sọ ọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ ń gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní ìwádìí Stanley Milgram ní Yunifásítì Yale ti fi hàn pé bí ọ̀gá bá ti pàṣẹ, apá ọmọ ènìyàn kò ká a mọ́. Irọ́ ni.

Ní 1961, Milgram mú ọkùnrin 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnnì 30, láti volt 15 dé 450. Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí náà ní bí ẹni tó wà ní yàrá kejì bá ti dáhùn ìbéèrè lódì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí iná gbé e. (Iná kankan ò gbé e, eré ló ń ṣe, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ni ò mọ̀.) Nígbà tó di 300, onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri. Àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń gé ètè jẹ. Síbẹ̀, 26 nínú wọn tẹ̀ ẹ́ dópin.

Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń bá ìtàn náà dé. Wọn kì í dárúkọ àwọn 14 tó kọ̀. Wọn kì í sọ pé nígbà tí ọ̀gá jáde, tó ń pàṣẹ látorí tẹlifóònù, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dópin ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn mìíràn ń purọ́ fún un pé àwọn ti fi kún iná, wọn ò sì fi kún un. Nígbà tí Milgram fi eléré méjì tì wọ́n, tí àwọn yẹn sì kọ̀ jálẹ̀, 4 péré nínú 40 ló bá a dópin.

Èyí tó ya àwíjàre yẹn pátápátá ni ti Jerry Burger, tó tún ìwádìí náà ṣe ní California, tó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009. Bí ọ̀gá bá ní ìwádìí ló ń fẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ, ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé dandan ni, pé wọn ò ní ọ̀nà mìíràn, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló kọ̀! Àṣẹ pọ́ńbélé ò mú ẹnì kankan. Ó jọ pé àwọn tó ṣe é gbà pé iṣẹ́ rere làwọn ń bá wọn ṣe. Àwọn baba wa náà ò kúkú ní ká jẹ́ iṣẹ́ ẹrú bí wọ́n ṣe rán wa. Wọ́n ní ká fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá tún ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun, ẹ bi í pé kí ló gbà gbọ́ nígbà tó ń jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá sì pa àṣẹ ìkà lójú yín, ẹ tètè kọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ̀ ọ́ sókè, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè gbọ́.