Ibùsùn Ọmọ Tuntun: Ẹwà Kọ́ Ni Ààbò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ di òbí ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ọmọ tuntun bá sùn tí kò jí mọ́, àwọn kan a pè é ní àbíkú, àwọn mìíràn a ní àjẹ́ ni. Èéṣe tí a kì í kọ́kọ́ wo ibi tí a tẹ́ ọmọ náà sí?

Ìrọ̀rí àti tìmùtìmù rírọ̀ lè dí ọmọ ní imú, kò sì lágbára láti yí orí padà. Ní 1991 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní 1994 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kéde pé kí ọmọ máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kí ó má dojú bolẹ̀. Ikú òjijì lójú oorun dín kù tó ìdajì, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2022, Amẹ́ríkà fi òfin de títa ibùsùn ọmọ tí ó dàgẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó ní ọjà Akẹ̀sán tàbí lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ rí i pé ìsàlẹ̀ ibùsùn náà le, ó sì tẹ́jú. Kí àlàfo àárín igi má ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá fún oṣù 6, ó kéré tán. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, kí ó má kan ojú ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ẹ̀bùn wá sí ìsọmọlórúkọ, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ mú wá, ẹ fi ìrọ̀rí sílẹ̀. Àmáánà ni ọmọ.