Ta Ló Ní A Kò Ní Àṣà Ìtọ́jú?

Ó ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa pé Yorùbá kò ní àṣà ìtọ́jú. Irọ́ ni! Kí òjò tó dé ni àwọn baba wa ti máa ń tún koríko orí ilé ṣe. Ta ló sì rí ojúlówó onílù tó ń dúró kí awọ ya kó tó tọ́jú ìlù rẹ̀?

Ẹ wo ẹni tó ra ọkọ̀ asáré tòkunbọ̀, bíi Porsche 944 tí wọ́n ṣe ní Jámánì láàárín ọdún 1982 sí 1991. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń mú òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rìn pọ̀. Bó bá já lórí eré, fáàfù àti písítìnì yóò kọlu ara wọn. Kódà bí ọkọ̀ náà wà lójú kan, rọ́bà ń gbó, ọ́ìlì búréèkì sì ń fa omi mọ́ra. Síbẹ̀, olówó rẹ̀ yóò fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán, kò ní béèrè ọjọ́ orí bẹ́líìtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tán, yóò ní àṣà wa ló fà á.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ìtọ́jú. Kí ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ọkọ̀ rírà, tí kò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù fún ìtọ́jú rẹ̀, má ṣe gbé ẹrù ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn baba wa.