Àkọsílẹ̀ Àkọ́kọ́

Ẹni tí ó kọ ìtàn iwin àti ànjọ̀nú dé òpin lẹ́ẹ̀kínní kò tíì kọ ìwé tán. Amos Tutuola, ońṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, fi ọjọ́ díẹ̀ péré kọ ìtàn ọ̀mùtí tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ó sì fi tún un ṣe, tí ó fi mú un gbòòrò. Ó ti ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ rí. Bóyá ibẹ̀ ni ó ti kọ́ sùúrù. Ní 1952 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ a máa dójú ti òǹkọ̀wé: iwin olórí méjì a di olórí kan, ọdẹ tí ó ti kú a sì tún jókòó ti ọbẹ̀. Bí ó bá torí èyí jó o níná, kí ni yóò kù fún un láti tún ṣe?