Ta Ló Ní Kí Wọ́n Fi Pólì Sí Ìsàlẹ̀?

Gbólóhùn kan ló bí òǹkọ̀wé ojú ìwé yìí nínú lọ́sẹ̀ yìí, gbólóhùn náà kò sì ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ: "Ẹ fi Pólì sí ìsàlẹ̀." Ìyá kan ló sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí gáréèjì Òjòó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tò kọ́pì, tí wọ́n sì ń bá àwọn ọmọ SS3 kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe ìdánwò náà dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò lòun fẹ́ kọ́. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ẹ bi ọmọ náà! Àwọn tó ti ń ka ojú ìwé yìí bọ̀ mọ ariwo yìí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé ìjà tó wà láàárín òǹkọ̀wé yìí àti àwọn òbí tó sọ ìwé-ẹ̀rí ọmọ di aṣọ ìmúròde kò tíì parí. Ẹ̀ka mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí: ohun tí Ìbàdàn ti ṣe rí, ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè, àti owó tí òbí ń ná.

Èkínní. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títọ́ ọmọ ilé-ìwé sọ́nà iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní 1959, àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà tó ń darí St. Theresa's College, Òkè-Àdó, wo àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ìwé mẹ́wàá, ọkàn wọn kò sì balẹ̀ lórí ibi tí àwọn ọmọ náà máa gbà lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí bí ogún ènìyàn láàárín ìlú, àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú, pé kí wọ́n wá bá wọn sọ̀rọ̀. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé nínú ọmọ 60 tó jáde, 54 ló ríṣẹ́. Wọn kò kọ́ ọ́fíìsì, wọn kò sì dúró de owó ìjọba.

Láti ara ìsapá yẹn ni Ibadan Career Council ti jáde. Nígbà tó di 1976, àwọn olùtọ́sọ́nà ti ní ẹgbẹ́ tiwọn jákèjádò orílẹ̀-èdè, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 sì fẹ́ kí wọ́n wà nílé-ìwé. Lónìí, ní ilé-ìwé púpọ̀, olùkọ́ tí iṣẹ́ kíláàsì ti kún ọrùn rẹ̀ náà ni wọ́n tún ń pè ní kánsẹ́lọ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ mọ ibi tí ìwé rẹ̀ lè gbé e dé, ọ̀dọ̀ onífọ́tò kọ́pì ló ń gbà lọ. Ní ìlú tó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí, ohun ìtìjú ni.

Èkejì, fọ́ọ̀mù. Kó tó di 2010, ẹni tó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB, ọ̀tọ̀ sì ni ti yunifásítì. Ọmọ tó bá ra fọ́ọ̀mù Pólì mọ ohun tó fowó rà. Láti 2010 ni ìdánwò méjèèjì ti di ọ̀kan, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lójú fọ́ọ̀mù kan náà. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni Pólì ti di ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ nítorí "bí yunifásítì kò bá bọ́ sí i". Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló jẹ́ pé àwọn tó fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ọmọ tó mọ̀ pé iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò lòun fẹ́, tí wọ́n wá fi Pólì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, lè ti pàdánù àyè kó tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Àwọn tó ń ṣètò ìgbaniwọlé náà dá kún un. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n fẹnu kò pé máàkì tó kéré jù tí yunifásítì lè gbà jẹ́ 150 nínú 400, ti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ 140, ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboníṣe sì jẹ́ 100. Kí ni ìyá tó wà ní Òjòó máa rí kọ́ nínú èyí? Ó máa gbà pé ọmọ tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Pólì. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun jókòó síbẹ̀?

Ó yẹ kí òǹkọ̀wé yìí bọ́ sórí owó báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 100 yìí kò tíì kúrò nílẹ̀. Ẹni tó máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ẹni tó máa so wáyà iná mọ́ ilé, ẹni tó máa wọn ilẹ̀ tí ẹbí méjì ń jà lé lórí, ṣé àwọn wọ̀nyí ni kò nílò orí pípé? Ọdún méjì ni ND. Lẹ́yìn rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kó tó padà wá ṣe HND fún ọdún méjì mìíràn. Ẹni tó bá sì fẹ́ yunifásítì lẹ́yìn ND tó dára lè fi Direct Entry wọ ọdún kejì ní ọ̀pọ̀ yunifásítì.

Jámánì kò fi irú ẹ̀kọ́ yìí sí ìsàlẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1969 ló ń darí rẹ̀: ọ̀dọ́ máa tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́, á máa gba owó oṣù níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́, á sì máa lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀. Níbí ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ní HND kì í kọjá ìpele 14 nínú iṣẹ́ ọba. Àwọn aṣòfin fọwọ́ sí àbádòfin ní 2021 láti fòpin sí ìyàtọ̀ náà, síbẹ̀ àwọn òbí ṣì ń sọ̀rọ̀ bíi pé HND kì í ṣe ìwé.

Òǹkọ̀wé yìí ní àbúrò ìyá kan tó ń ta tòmátì ní Ṣáṣá. Àkọ́bí rẹ̀ gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn sọ́fíyọ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà wà níbẹ̀, bí àlejò bá béèrè rẹ̀, èsì ẹbí ni pé ó ṣì ń gbìyànjú yunifásítì. Wọn kì í dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà. Ọmọ yẹn ti di àgbà báyìí, òun ni gbogbo agbolé ń ké sí bí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ bá délẹ̀. Ó dun òǹkọ̀wé yìí títí dòní pé ọmọ náà gbọ́ nígbà tí wọ́n ń fi òun pamọ́.

Ẹ bi ọmọ náà, kí ẹ sì fi ọ̀nà hàn án! Ọmọ Òjòó tó bá wọ Micra lọ sí Mókólá máa rí géètì UI lọ́wọ́ ọ̀tún, orí rẹ̀ á wú. Díẹ̀ síwájú sí i, ní Ṣángo, ni Pólì Ìbàdàn wà láti 1970. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Moor Plantation ti wà láti 1921, ti igbó ní Jẹ́ríkò láti 1939, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH láti 1952. Bó bá kọjú sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, á kọjá IITA, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí ẹ̀gẹ́ àti iṣu láti 1967, bó bá sì dé Ọ̀yọ́, á rí Federal School of Surveying, tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1908.

Owó tí a ṣèlérí rẹ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti òkè. Ní 2025, ó kéré tán ₦7,200 ni fọ́ọ̀mù JAMB, láì ka owó ọkọ̀ àti lẹ́sìn mọ́ ọn. Nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó tó ṣe ìdánwò ọdún náà, èyí tó pọ̀ jù ni kò gba tó 200. Púpọ̀ nínú wọn máa jókòó sílé, wọ́n á tún ra fọ́ọ̀mù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àti ọdún tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Iye ọdún tí wọ́n fi ń dúró tó láti parí ND.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ọmọ yín tó forúkọ sílẹ̀, ẹ jókòó tì í. Ẹ lo nọ́ńbà fóònù ọmọ náà gan-an, kì í ṣe nọ́ńbà oníkọ̀ǹpútà, láti fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, kó lè gba kóòdù ìforúkọsílẹ̀. Ẹ yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wò fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí iṣẹ́ tó fẹ́ ń béèrè, torí ọmọ tó bá ṣi èyí mú kò ní rí àyè bó tilẹ̀ gba 300. Bó bá sọ pé Pólì ni, ẹ fi í ṣe àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé gírámà ní Akínyẹlé, ẹ pe ogún ènìyàn. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò IITA, àwọn sọ́fíyọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin Mọ́níyà, gbogbo wọn ló ń gba Òjòó kọjá láràárọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá SS3 sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, kí fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ tó jáde.