Ẹ̀yáwó ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn: ta ni yóò padà wá tọ́jú ará Ìkálẹ̀?

Láti ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún 2024, tí Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú ti buwọ́ lu òfin tuntun tó rọ̀ mọ́ yíyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kò sí ìdílé tó ní ọmọ níléèwé gíga nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ní Òkìtìpupa, Igbótako, Òde-Aye títí dé Òde-Ìrèlè, púpurú àti epo pupa ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń rán ọmọ níwèé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wọlé láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó mọ̀ pé ọdún mẹ́fà gbáko ni òun yóò fi náwó, ìyẹn bí àwọn olùkọ́ kò bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí ni pé ta ni owó ìjọba yìí tọ́ sí. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí òfin kò dáhùn: nígbà tí ọmọ náà bá di dókítà tán, níbo ni yóò ti ṣiṣẹ́, àwọn wo ni yóò sì tọ́jú?

Òfin àkọ́kọ́, tí Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2023, èyí tí Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà gbé kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, fẹnu sọ pé nítorí mẹ̀kúnnù ni òun ṣe wà, ṣùgbọ́n mẹ̀kúnnù gan-an ló tilẹ̀kùn mọ́. Ó ní owó tó ń wọlé fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ lọ́dún. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà sì jẹ́ ₦30,000. Bí bàbá bá ń ṣọ́ iléèwé ìjọba, tí ìyá ń gbálẹ̀ ní ọsibítù ìjọba, ₦720,000 ni àwọn méjèèjì ń gbà lọ́dún. Lójú òfin, olówó ni wọ́n! Òfin náà tún béèrè onídùúró méjì: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele kejìlá, tàbí agbẹjọ́rò tó ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, tàbí adájọ́. Níbo ni ìyá tó ń ta púpurú lọ́jà Igbótako ti fẹ́ rí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ tí wọn yóò forúkọ ara wọn dúró fún gbèsè ọmọ ọlọ́mọ? Bí òbí bá sì ti yáwó rí tí kò san, ọmọ ni yóò forí fá a.

Òfin ọdún 2024 mú gbogbo ìdènà wọ̀nyí kúrò, oríyìn sì tọ́ sí àwọn tó ṣe é. Kò béèrè iye tó ń wọlé fún òbí mọ́, kò béèrè onídùúró, owó náà kò sì lélé. NELFUND, àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ń béèrè ìwé ìgbaniwọlé láti ọ̀dọ̀ JAMB, nọ́mbà NIN, nọ́mbà BVN ti báǹkì àti nọ́mbà tí iléèwé fún akẹ́kọ̀ọ́. Iléèwé ìjọba nìkan ló wà fún; ọmọ tó wà ní yunifásítì aládàáni kò sí níbẹ̀. Ti ará Ìkálẹ̀ kò burú nínú èyí, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ni Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù tó wà ní Òkìtìpupa, tí wọ́n fi sọrí gómìnà àná tó jẹ́ ọmọ Ìjù-Odò, òun náà ló sì ni UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà nílùú Oǹdó.

Bí owó náà ṣe ń rìn ló gba àlàyé. Owó iléèwé kì í dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tààrà ni NELFUND ń san án fún yunifásítì. Ohun tó ń tẹ ọmọ lọ́wọ́ ni ₦20,000 lóṣù fún ìgbọ́bùkátà, bó bá béèrè fún un, ọdọọdún ni yóò sì tún kọ̀wé béèrè. Ẹni tó bá mọ iye tí ìwé ìṣègùn kan ṣoṣo ń jẹ lọ́jà, tó mọ owó ilé ní Oǹdó àti owó ọkọ̀ padà sí Òkìtìpupa, mọ̀ pé òbí ṣì ní láti máa tọwọ́ bàpò.

Ọmọ tó wọlé ní 2024 yóò parí ní 2030. Yóò lo ọdún kan ní ọsibítù lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, yóò fi ọdún kan sin ìlú, òfin sì fún un ní ọdún méjì sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà. Ó di 2034 nìyẹn, kí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ tó máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ wo? Ọsibítù kan ní London tàbí Toronto kò ní bá NELFUND yọ owó. Gbèsè tí kò lélé, tí náírà ń sọ di fúyẹ́ lọ́dọọdún, kò lè jẹ́ okùn tí yóò so dókítà mọ́lé. Ẹni tó ń gba pọ́n-ùn lè san gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ kó sì gbàgbé ibẹ̀.

Ohun tó so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣókùnkùn, wọn kò sì ní mọ nǹkan kan mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó kéré tán èèyàn 18 ti lọ. Àwọn kan ní òrìṣà Mólókun ló ń bínú, àwọn mìíràn ní oògùn tí wọ́n ń fín sóko ni. Àyẹ̀wò ló padà fi hàn pé methanol ni, èyí tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Májèlé yìí ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n wákàtí ni wọ́n fi ń ka àkókò rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́. Kò sẹ́ni tó lè búra pé dókítà púpọ̀ sí i ì bá gba gbogbo wọn là, síbẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nítòsí ló wúlò.

Àwọn tó wà nítòsí ló sì ń dín kù. Ní ọdún 2025, Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé ó ju 16,000 dókítà lọ tó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé ó ju $21,000 lọ tí kíkọ́ dókítà kan ń gbà. Ní 2023, Ganiyu Johnson, aṣòfin láti Èkó, ti gbé àbádòfin kan wá pé kí wọ́n má ṣe fún dókítà níwèé àṣẹ kíkún àfi bó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún nílé. Ó kọjá ìkà kejì ní oṣù kẹrin, àwọn dókítà fárígá, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Kánádà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sá lọ, ní ìṣòro yìí nílé tirẹ̀. Dókítà wọn náà kì í fẹ́ gbé abúlé. Kí wọ́n má bàa fipá mú ẹnikẹ́ni, wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yáwó wọlé. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin, ọdún 2023, èlé ti kúrò lórí owó tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Dókítà ìdílé tó bá sì lọ ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko tàbí ìlú kékeré lè rí tó $60,000 owó Kánádà yọ kúrò nínú gbèsè rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún, nọ́ọ̀sì lè rí tó $30,000. (Kí òbí tó ń tà lẹ́kùn-ún ilẹ̀ láti rán ọmọ lọ sọ́hùn-ún má ṣe ṣìnà o: ọmọ onílùú, ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé àti ẹni tí wọ́n dá ààbò bò nìkan ni wọ́n ń yá lówó yìí. Ẹni tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò sí lára wọn.)

Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹni tó gba owó ìjọba lọ kàwé máa ń tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò padà wá ṣiṣẹ́ fún un. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1972 láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó kò bèèrè irú rẹ̀, owó nìkan ló ń retí, èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà kò sì padà wálé. Nígbà tó di 1993, wọ́n sọ ọ́ di báǹkì ẹ̀kọ́, ìyẹn náà kò sì rìn jìnnà.

Ìjọba Oǹdó kò nílò láti dúró de Àbújá. Òun ló ni UNIMED, òun ló sì ni ọsibítù ìjọba ńlá tó wà ní Òkìtìpupa. Bí dókítà tó yáwó NELFUND bá gbà láti ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa tàbí Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ lè máa bá a san ìdá kan nínú márùn-ún gbèsè náà fún NELFUND lọ́dọọdún tó bá fi wà níbẹ̀. Èyí nìkan kò ní tó, nítorí gbèsè náà kò wúwo púpọ̀. Ilé gbígbé, iná mànàmáná àti owó oṣù tó ń wọlé lásìkò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gba ìdáríjì gbèsè rẹ̀ tán, yóò sì tún lọ. Àwọn aṣòfin Àkúrẹ́ lè rò pé àyè ṣì wà, nítorí 2034 ni sísan gbèsè yóò bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó wọlé ní 2024. Ṣùgbọ́n 2030 ni wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí, láti ọdún náà ni wọn yóò sì ti máa wo ibi tí wọn yóò gbà lọ.